Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù: ẹ má bú u, ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà gé tiyín

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìlàkàkà. Mo ka lẹ́tà arákùnrin wa kan láti Ìjerò tí ẹ tẹ̀ jáde, èyí tó kọ lórí àwọn píkọ́ọ̀pù òde òní tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn ń ká oríṣiríṣi, tó ń di àtẹ̀gùn, tó ń di tábìlì. Ó ní afẹ́ olówó lásán ni. Ó tún ní bó bá wu ẹnikẹ́ni, kò yẹ kó ná owó gọbọi sí i, pé wẹ́dà tó mọṣẹ́ á gé ilẹ̀kùn Hilux sí méjì, á fi híńjì sí i, ó parí.

Mi ò gba ti àkọ́kọ́, mi ò sì gba ti èkejì rárá. Iṣu ni mò ń tà, mo sì máa ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gààrí kún un nígbà tí iṣu bá wọ́n. Láti Ìpaò àti Òkè-Àkó ni mo ti ń kó o lọ sí Adó. Nígbà mìíràn mo máa ń gba Arámọkọ àti Èfọ̀n kọjá lọ sí Iléṣà. Ọkọ̀ tí mo fi ń ṣe é ní irú ilẹ̀kùn tí arákùnrin wa ń bú yẹn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn náà ò bá ọkọ̀ wá. Ńṣe la wá a, tí a sì fi sí i níbí, ní Adó-Èkìtì, lábẹ́ igi máńgòrò rewáyà. Mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá mọ Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù tó kún ojú títì wa nígbà tí mo ṣì wà ní ọmọge á rántí pé ó rẹlẹ̀. Èèyàn á dúró sílẹ̀, á na ọwọ́, á sì mú ohun tó fẹ́ mú. Àwọn tí wọ́n ń ṣe báyìí ga. Táyà ga, irin ìsàlẹ̀ ga, ògiri ibi ìkẹ́rù sì jìn wọlẹ̀. Tí o bá wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ tún di ìdènà, torí ó yọ síta láàárín ìwọ àti ẹrù. O na ọwọ́ títí, ikùn rẹ ti kan irin, ọwọ́ ò dé ìdí iṣu. Ohun tí àwọn alábàárù máa ń ṣe ni pé wọ́n á fò gorí ẹ̀. Ọmọ ogún ọdún lè fò. Èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta, tí orúnkún ọ̀tún mi máa ń ké bí mo bá gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò lè fò. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń bá mi já ẹrù ní Adó náà ò kéré sí mi púpọ̀, wọn ò sì ní tú ìró nítorí àtifò sórí ọkọ̀ lójú ọjà.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fún ọjà Amẹ́ríkà ti rí ìṣòro yìí tipẹ́. Honda ti ṣe tiẹ̀ sí ara Ridgeline ọdún 2006: ilẹ̀kùn yẹn lè ṣí wá sílẹ̀, ó sì lè ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilẹ̀kùn yàrá. GMC wá gbé tiwọn jáde sórí Sierra ọdún 2019, MultiPro ni wọ́n pè é. Ọdún 2019 yẹn náà ni Ram mú tiwọn dé, tí wọ́n pín sí méjì tí kò dọ́gba, ọ̀kan gba ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì gba ogójì, méjèèjì lè là sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ sì tún lè wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Chevrolet tẹ̀ lé e lọ́dún 2021. Ford F-150 ọdún 2024 ní tiẹ̀ tí ilẹ̀kùn kékeré kan wà láàárín ńlá. Mo mẹ́nu ba gbogbo wọn nítorí ọ̀rọ̀ afẹ́ tí arákùnrin wa sọ. Àwọn tí wọ́n ń bára wọn du oníbàárà kò ní máa náwó lé ohun kan lọ́dún dé ọdún bí ẹni tó ń kẹ́rù kò bá béèrè fún un.

Ti GMC ni tèmi. Ilẹ̀kùn kan wà nínú ilẹ̀kùn. Bọ́tìnnì méjì ló wà lójú ẹ̀, ọ̀kan fún ilẹ̀kùn ńlá, èkejì fún kékeré tó wà láàárín. Bí mo bá tẹ ti ńlá, gbogbo rẹ̀ á wá sílẹ̀ bí ti píkọ́ọ̀pù gbogbo. Tó bá ti wà nílẹ̀ báyẹn, tí mo wá tẹ ti kékeré, àárín rẹ̀ á ká wálẹ̀, á fi àyè sílẹ̀ bí ẹnu àbáwọlé. Mo lè rìn wọ inú àyè yẹn títí àyà mi á fi súnmọ́ ìdí ibi ìkẹ́rù gan-an. Mo fi ọwọ́ mi kó iṣu tó wà níwájú, kò sí pé mò ń pe ẹnikẹ́ni.

Èyí tó kù nínú rẹ̀ ló mú inú mi dùn jù. Tí àárín yẹn bá ti ká wálẹ̀, apá kan lára rẹ̀ tún máa ń là síta, á di àtẹ̀gùn tó fẹ̀, tí ẹsẹ̀ méjèèjì lè dúró lé. Àwọn tó ṣe é ní ó lè gba ìwúwo 170 kílò. Ìyẹn ju alábàárù àti agbọ̀n iṣu orí rẹ̀ lọ. Ẹ wo bí a ṣe ń já ẹrù ní Adó báyìí: ẹnìkan wà nínú ọkọ̀, ó ń gbé agbọ̀n wá sí etí. Ìyá kan gun àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú òṣùká lórí, wọ́n gbé agbọ̀n lé e lórí láìjẹ́ pé ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń lọ. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé agbọ̀n sílẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹlòmíràn tó tún gbé e sókè rù ú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́ lórí ẹrù kan ṣoṣo. Bí ẹnikẹ́ni bá pe èyí ní afẹ́, kó wá fi orí tirẹ̀ ru ú wò.

Ó ní irin pẹlẹbẹ kan tó máa ń dìde dúró létí ilẹ̀kùn tó wà nílẹ̀, láti fi dá ẹrù gígùn dúró. Mi ò kọ́kọ́ ka ìyẹn sí. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Iléṣà ló ní kí n bá òun kó pákó. Pákó gùn ju ibi ìkẹ́rù lọ, a ní láti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní lílà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Arámọkọ sí Èfọ̀n, tí ẹ mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà títí kan Ìtàwúrẹ́, ẹ mọ ohun tí òkè yẹn máa ń ṣe sí ẹrù. Bí imú ọkọ̀ bá ti kọjú sókè, ohun gbogbo fẹ́ máa sún lọ sẹ́yìn, okùn yòówù kí o fi dì í. Pákó wa sún, ó kan irin yẹn, ó dúró síbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, sọ̀kalẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó padà wọlé, ó ní, “Màmá, kò rìn.” A fi aṣọ pupa sí ìdí pákó náà o, torí ẹrù tó yọ síta láìsí àmì lè pa ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Tábìlì ńkọ́? Nígbà tí ilẹ̀kùn ńlá bá wà ní títì, tí kékeré nìkan ṣí, ó máa ń dúró ní ìwọ̀n igbá àyà. Orí rẹ̀ ni mo ń kọ ìwé gbèsè lé. Orí rẹ̀ náà ni àwọn ọmọ yunifásítì tó wà ní Ìkọ̀lé ti máa ń ṣa iṣu ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí àpò wọn ò ká iṣu agbọ̀n. Mo tún rí dẹ́rẹ́bà mi tó gbé àwo ìrẹsì lé e. Mi ò bá a wí.

Ní ti bí a ṣe fi sí i, níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín fara balẹ̀, torí owó ń ṣòfò níbẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Houston ló fi Sierra ránṣẹ́ sí mi. Ọdún 2019 ni, àmọ́ èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀, ilẹ̀kùn lásán ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí a tó wá òmíràn, ọmọ náà ní kí a kọ́kọ́ mọ irú ara tí ọkọ̀ náà ní, torí Sierra 1500 méjì ni wọ́n tà lọ́dún 2019 yẹn. Ọ̀kan jẹ́ ara tuntun, èkejì tí wọ́n pè ní Limited jẹ́ ara àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń tà lọ. Ilẹ̀kùn MultiPro ò bá ara àtijọ́ mu, kò sì bá gbogbo èyí tó ṣáájú 2019 mu. Bí ontàjà bá sọ fún ọ pé “Sierra ni Sierra”, máa bá tìẹ lọ.

A rí ilẹ̀kùn náà ra ní Èkó, tòkunbọ̀ ni, owó rẹ̀ ò sì kéré. Ẹni tó tà á fún wa ti fi ọ̀bẹ gé wáyà rẹ̀ kù bí ìka ọwọ́. Nígbà tí a gbé e dé Adó, rewáyà yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó ní, “Màmá, ilẹ̀kùn rèé, ẹ̀mí rẹ̀ dà?” Iná ni ẹ̀mí rẹ̀. Bọ́tìnnì méjèèjì ń lo iná, kò sí ọwọ́ tí o lè fi fà á bíi ti àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó rí i pé wáyà rẹ̀ gùn, pé ẹnu tí wáyà fi ń wọnú wáyà ọkọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, pé àwọn kébù tó ń gbé e ró kò já, kó sì ṣí ilẹ̀kùn kékeré náà níbẹ̀ kó tó sanwó. Báwo ló ṣe máa ṣí i láìsí iná? Kó gbé bátìrì dání lọ. Rewáyà tó gbọ́n á mọ wáyà tó máa fi kàn án.

Iṣẹ́ yẹn gba sùúrù. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn àtijọ́: wọ́n gbé e dé ìdajì, wọ́n yọ kébù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì bọ́ kúrò ní ìdí rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ìyẹn ò nira. Títún èyí gbé sí i ló gba ọkùnrin méjì pẹ̀lú ìkérora, torí ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ dáadáa, mọ́tò àti irin pọ̀ nínú rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó wà níbẹ̀, bàbá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ká bébà ìwé ìròyìn ní ìlọ́po, bóyá tiyín ni, mi ò wò ó, ó ń fà á gba àárín ilẹ̀kùn àti ògiri ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí bébà bá ti há, ó máa ń tú bóòtì díẹ̀, á fi ọwọ́ gbá a, á tún dì í. Ẹ̀gbẹ́ òsì kọ́kọ́ há ní ìsàlẹ̀. Ó tún un ṣe títí bébà fi ń lọ bákan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló wá wo ibi tí irin ìlẹ̀kùn ti ń gbá mọ́ ara ọkọ̀, ó sún un díẹ̀ wọlé. Ó ní bí àyè ò bá dọ́gba, ilẹ̀kùn á máa pariwo lórí ọ̀nà tí kò dára, ìró yẹn sì ni ìbẹ̀rẹ̀ kó tú. Ní ọ̀nà tiwa láti Ìkọ̀lé wọ inú oko, ta ló fẹ́ gbọ́ ìró mìíràn?

Rewáyà fa wáyà tuntun láti ọ̀dọ̀ bátìrì gba abẹ́ ọkọ̀ wá sẹ́yìn. Ó fi fíúùsì sí i nítòsí bátìrì gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn, kí iná má baà ràn bí wáyà bá gé lójú ọ̀nà. Ó kó wáyà náà sínú rọ́bà, ó sì dì í mọ́ irin ọkọ̀ jìnnà sí páìpù èéfín. Kámẹ́rà tún jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ọkọ̀ tuntun kéékèèké, títí kan irú píkọ́ọ̀pù yìí, máa ní kámẹ́rà ẹ̀yìn, torí náà ó wà lára ilẹ̀kùn tí a yọ. Rewáyà ní láti so ti ilẹ̀kùn tuntun mọ́ wáyà àtijọ́ kí n lè máa rí ẹ̀yìn nígbà tí mo bá ń fi rìfáàsì. Ẹ rántí pé tí ilẹ̀kùn bá là sílẹ̀, ilẹ̀ ni kámẹ́rà ń wò, nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà lára bọ́ńpà sì máa ń sá sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò ní gba àlàyé pé iṣu ló bò ó.

Ohun kan wà tí mo fi àṣẹ sọ fún un pé kó ṣe, tó kọ́kọ́ ń ta kò mí. Mo ní kó fi súwíìṣì kékeré sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó máa gé iná ilẹ̀kùn náà pátápátá. Ọmọ mi ló pè mí láti Houston nípa rẹ̀. Lọ́dún 2024, ilé iṣẹ́ General Motors, tó ni GMC àti Chevrolet, pe àwọn píkọ́ọ̀pù Silverado àti Sierra ńláńlá tó lé ní 320,000 padà fún àtúnṣe, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2020 sí 2024. Omi lè wọ inú bọ́tìnnì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn tó ń lo iná, wáyà á kanra, ilẹ̀kùn á sì tú fúnra rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá nìyẹn o, tèmi kò sí lára wọn. Síbẹ̀, òjò tiwa ń rọ̀, a sì máa ń da omi sí ọkọ̀ bó bá ti oko dé. Tí a bá ti di ẹrù tán, dẹ́rẹ́bà á pa súwíìṣì yẹn. Bọ́tìnnì kò lè ṣe nǹkan kan mọ́, ì báà jẹ́ omi, ì báà jẹ́ ọwọ́ ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìn ọkọ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Adó. Rewáyà ní òun ò rí i kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó rí i lónìí.

Eruku ni ọ̀tá rẹ̀ kejì. Ẹ má fi gírísì sí ibi tó ń gbá mọ́ra, torí gírísì á gbá eruku pupa mọ́ra títí á fi le. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi gbọ̀n ọ́n, kí ẹ wá kán òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti irin tí gbogbo wa fẹ́ràn láti máa fi sẹ́yìn bọ́ńpà, èyí tí wọ́n ń fi fa tírélà lókè òkun ṣùgbọ́n tí a ń fi dá ọlọ́kadà àti oníkorope dúró níbí kí wọ́n má baà gbá wa lẹ́yìn. Bí bọ́ọ̀lù irin bá wà lórí rẹ̀, tí ilẹ̀kùn ńlá bá wà nílẹ̀, tí o wá tẹ bọ́tìnnì kékeré, ilẹ̀kùn kékeré á já lé bọ́ọ̀lù yẹn lórí. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹnìkan tí a jọ máa ń pàdé nílé epo ní Ìfàkì ní ọkọ̀ bíi tèmi, ilẹ̀kùn tirẹ̀ ti tẹ̀ wọlé láàárín gbùngbùn. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo yọ tèmi, mo jù ú sábẹ́ àga. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbá mi lẹ́yìn, kó gbá mi.

Wàyí o, ti Hilux tí arákùnrin wa ní kí wẹ́dà gé. Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má gé e. Ilẹ̀kùn Hilux jẹ́ páànù méjì fẹ́lẹ́ tí wọ́n pa pọ̀, egungun rẹ̀ sì gba àárín kọjá láti ìkángun dé ìkángun. Ìdí rẹ̀ méjèèjì ló ń gbé e ró nísàlẹ̀, kébù méjì ló ń fà á mú nígbà tó bá là. Bí o bá gé e láàárín, o ti gé egungun yẹn. Àárín rẹ̀ kò ní ohun tó mú un mọ́, bẹ́ẹ̀ àárín gan-an ni ẹrù máa ń tì jù nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Tí o bá wá fi híńjì gbé ìdajì kọ̀ọ̀kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á dorí òpó igun ibi ìkẹ́rù, òpó tí wọn kò ṣe fún àtigbé ilẹ̀kùn kọ́. Òpó á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iná ẹ̀yìn á máa mì, wẹ́ẹ̀dì á là. Ram tó ṣe irú rẹ̀, láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti ṣètò ilẹ̀kùn àti òpó fún ara wọn. Wẹ́dà wa gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n, àwọn ló ṣe géètì ilé mi. Ṣùgbọ́n géètì kì í sá lọ sí Adó lójoojúmọ́. Bí agbọ̀n iṣu kan bá sì já sílẹ̀ níwájú ọlọ́kadà ní ọ̀nà Ọyẹ́, ta ni yóò dúró níwájú adájọ́, wẹ́dà ni àbí ẹni tó ni ọkọ̀?

Ẹni tó ní Hilux tó sì fẹ́ sinmi, ohun tí wẹ́dà lè bá a ṣe láìfọwọ́ kan ilẹ̀kùn wà. Irin tó wà lẹ́yìn bọ́ńpà yẹn, tí wọ́n bá dì í mọ́ férémù ọkọ̀ pẹ̀lú bóòtì gidi, lè gbé àtẹ̀gùn tó ń ká. Páìpù onígun mẹ́rin méjì, irin pẹlẹbẹ oníkókó-kókó tí ẹsẹ̀ kì í yọ̀ lórí rẹ̀, pẹ̀lú píìnì tó ń dì í mú lókè nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ó tán. Kó fẹ̀ tó kí ẹsẹ̀ méjèèjì dúró, kó má sì yọ kọjá bọ́ńpà nígbà tó bá ká sókè. Fún ẹrù tó wà nínú lọ́hùn-ún, àbúrò mi obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ọ̀mùò ń lo gọ̀ngọ̀ tí wọ́n fi ń já ọsàn. Ó gé e kúrú, ó fi ń fa ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí etí. Kò sí wáyà níbẹ̀, kò sí Houston.

Ẹni tó ń kẹ́rù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò ní sọ fún un pé kó ra irú tèmi. Owó tó lọ sí i tó ra màlúù, kí a má tíì sọ ti rewáyà. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ẹrù ń gorí ọkọ̀ rẹ̀, tó sì jẹ́ pé àwọn obìnrin bíi tèmi ló ń já a, tí ara ọkọ̀ rẹ̀ sì bá a mu, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ afẹ́ dójú tì í.

Kí n tó gbàgbé: àtẹ̀gùn ni, kì í ṣe àga. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó sórí irú rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lọ síbi ìsìnkú, ẹsẹ̀ wọn ń mì lórí ọ̀dà. Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ilé yín, ẹ pè wọ́n.

Kí arákùnrin wa láti Ìjerò gbé Hilux rẹ̀ wá sí Ìkọ̀lé bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kó béèrè ìyá oníṣu tó ń wa ọkọ̀ funfun gíga, wọ́n á mú un wá. Kó wọn gíga bọ́ńpà rẹ̀ láti ilẹ̀ kó tó kúrò nílé, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí wẹ́dà tó ṣe géètì mi ní òun ò ní gé páìpù àtẹ̀gùn kankan láìrí nọ́ńbà yẹn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníṣu,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.